Ìlà Pupa Lórí Síkúrúù

Alága wa, Alhaji Abdulmajeed Sùlè, mo kí yín. Àga tí ẹ jókòó lé yẹn kò ní mì lábẹ́ yín lónìí, Salimat ti bá mi fún síkúrúù rẹ̀ kí ẹ tó dé. Ẹ̀yin àgbà Ire-Akari tí ẹ yọ̀ǹda gbọ̀ngàn yìí fún wa, mo dọ̀bálẹ̀, bí orúnkún mi kò tilẹ̀ jẹ́ kí àyà mi kanlẹ̀. Pásítọ̀ wa àti Ààfáà wa, tí ẹ pín àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ láàárín ara yín láìjà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin ọmọ Ẹgbẹ́ Apẹja Ọjọ́ Sátidé ti Ìsọlọ̀, ẹ̀yin ìyàwó wọn tí ẹ máa ń ṣe bí ẹni tó gbà gbọ́ nígbà tí ọkọ bá gbé ẹja tútù tó ti dì bíi yìnyín wọlé tó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á ni, mo kí yín káàbọ̀. Ẹ̀yin ará Ṣógúnlé tí ẹ ti ṣọ́ọ̀bù nítorí mi, ẹ̀yin àlejò láti Èjìgbò, ẹ kú ìjókòó. Àti ìwọ Àrìnkẹ́, Ìyá Tómilọ́lá, tó o ní kí n má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí gùn, mo gbọ́ ọ. Mi ò kàn ṣèlérí ni.

Ẹ̀yin èèyàn mi.

Ẹni tí kò bá mọ̀ mí á máa ronú pé kí ni bàbá arúgbó yìí ṣe tí wọ́n fi pe èrò tó báyìí lé e lórí. Babáṣọlá lorúkọ mi. Iṣẹ́ mi ni pé mo ń tún ríìlì ṣe. Ríìlì ni ẹ̀rọ kékeré tó máa ń wà lára ọ̀pá ìpẹja, èyí tí ẹni tó ń pẹja máa ń yí ọwọ́ rẹ̀ kí okùn lè ká wọlé, kí ẹja sì tẹ̀ lé e bọ̀. Tí ẹ bá ní kí n sọ òótọ́ tó wà níbẹ̀, ríìlì gan-an kì í fi bẹ́ẹ̀ bàjẹ́. Síkúrúù ara rẹ̀ ló ń tú. Síkúrúù kéékèèké, tí ẹ bá fi ọ̀kan sí àárín àtẹ́lẹwọ́ yín tí ẹ sín, ó ti lọ. Mo ti fi ọjọ́ ayé mi tó pọ̀ jù bẹ síkúrúù pé kó dúró síbi tí mo fi í sí.

Lónìí mo ń fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo ń lọ sinmi sílé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdágbére nìkan ló kó wa jọ, ẹ jẹ́ kí n là á kí àwọn àlejò má bàa ṣì wá gbọ́. Salimat tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún mi yìí ni mo fẹ́ fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ní rárá, ọjọ́ tí mo bá lọ ni àwọn náà á kó ríìlì àwọn lọ tún ṣe ní Island. Ẹgbẹ́ yìí ló sì ń gbé iṣẹ́ wá jù. Tí ẹ bá kó ẹrù yín lọ, ẹ ti ti ilẹ̀kùn yẹn pa nìyẹn. Alága wá sọ pé tí mo bá ti sọ̀rọ̀ tán, ẹni tó bá fẹ́ kí Salimat máa tọ́jú ríìlì ẹgbẹ́ kó nawọ́ sókè. Ohun tí mo wá bẹ̀ yín fún nìyẹn. Ẹ rọra gbọ́ mi.

Ìperu ni wọ́n bí mi sí, níbi tí omi tí mo mọ̀ kò ju èyí tí ìyá mi ń rán mi lọ pọn. Ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe. Nígbà tí mo dé Ṣógúnlé, ọmọge kan ń ṣe irun, ó ń kun èékánná, ní ṣọ́ọ̀bù tó kan tèmi. Ó ní kí n bá òun tún àga tí àwọn oníbàárà ń jókòó lé ṣe. Mo tún un ṣe, àmọ́ mo mọ̀ọ́mọ̀ fi síkúrúù kan sílẹ̀ láìfún un dáadáa, kí àga lè tún mì, kí wọ́n lè tún pè mí. Wọ́n tún pè mí lóòótọ́. Ẹ wo ẹni náà níbẹ̀ yẹn tó ń bo ojú. Ó ti pẹ́ tó ti mọ̀, ó ní òun kàn ń dúró kí n sọ ọ́ níwájú àwọn ẹlẹ́rìí ni.

Báyìí ni mo wà tí Alhaji wọlé dé lọ́jọ́ kan láti Òṣòdì, níbi tó ti ń ta táyà, tó gbé ohun kan tí mi ò rí rí sórí tábìlì mi. Ó ní, "Bàbá Tómilọ́lá, ẹ̀rọ tó ń rán aṣọ àti ẹ̀rọ tó ń fa ẹja, ṣebí síkúrúù náà ló mú àwọn méjèèjì dúró. Ẹ bá mi wò ó." Ọwọ́ ríìlì rẹ̀ ti já sínú omi, ẹja sì ti bá tirẹ̀ lọ. Mo wá ọwọ́ míì fún un, mo fún síkúrúù rẹ̀ débi tí agbára mi mọ. Ọ̀sẹ̀ kejì, Alhaji ti padà dé. Kò bínú o, ẹ mọ Alhaji, ó kàn ń rẹ́rìn-ín sí mi ni. Ẹ̀rín yẹn dùn mí ju èébú lọ.

Mo wá jókòó ti nǹkan yìí. Kí ló dé tí síkúrúù tí mo fún tagbáratagbára á tún tú? Ẹ rí i, ẹja tó bá ti gbé ìwọ̀ mì kì í dúró jẹ́ẹ́. Ó ń já, ó ń fà, ọ̀pá ń gbọ̀n, ríìlì ń gbọ̀n, síkúrúù náà ń gbọ̀n, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń yí padà sẹ́yìn. Kò ní pariwo. Ìgbà tí ọwọ́ ríìlì bá bọ́ sí yín lọ́wọ́ lẹ tó máa mọ̀ pé ó ti pẹ́ tó ti ń lọ. Mo wé òwú ìránṣọ mọ́ ọn, iyọ̀ inú omi òkun jẹ òwú. Mo fi súpà gúlúù lẹ̀ ẹ́, ó dúró, ó dúró débi pé nígbà tí ríìlì fẹ́ gíríìsì, kò sẹ́ni tó lè ṣí i mọ́. Alhaji ń wò mí, mo ń wo Alhaji, ríìlì ń wo àwa méjèèjì.

Ní àkókò yẹn, Salimat ń kọ́ṣẹ́ èékánná lọ́dọ̀ Àrìnkẹ́. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, bàbá rẹ̀ ń ta aṣọ òfì ní Òṣòdì. Lọ́jọ́ tí oníbàárà kò sí, ó yọjú sí mi, ó rí bí mo ṣe ń bá ríìlì tí gúlúù ti pa jà. Ó ní, "Ọ̀gá, kí ló dé tẹ́ ò lo kútẹ́ẹ̀sì? Ó máa ń gbẹ, ó máa ń mú, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ ṣí i, á ṣí." Mo rẹ́rìn-ín. Kútẹ́ẹ̀sì tí àwọn obìnrin ń kùn? Tí n bá fi kun ríìlì ọkùnrin, ojú wo ni n ó fi wò wọ́n? Àrìnkẹ́ gbọ́ láti ẹ̀gbẹ́ kejì ògiri, ó ní, "Máa rẹ́rìn-ín nìṣó. Ṣé ẹ̀rín ló máa mú síkúrúù náà dúró?"

Mo lò ó. Ó dúró. Nígbà tí àsìkò gíríìsì tó, mo ki síkúrúdíráfà bọ̀ ọ́, mo yí i, ó ṣe kẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì ṣí wẹ́rẹ́. Inú mi dùn débi pé mo ṣí i, mo tún dè é, mo tún ṣí i, bí ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun ìṣeré. Bí mo ṣe gba ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó mi nìyẹn. Kò tíì dárí rẹ̀ jì mí tán títí dòní.

Ṣùgbọ́n ìdajì ni mo tíì sọ. Ìdajì kejì, Salimat ló gbé e wá. Tí a bá ti nu epo kúrò lára síkúrúù, tí a ti fi kútẹ́ẹ̀sì tí kò ní àwọ̀ kàn án lára, tí a ti fún un dé ibi tó yẹ, tí kì í ṣe ibi tí agbára wa mọ, á mú kútẹ́ẹ̀sì pupa, á fi búrọ́ọ̀ṣì fa ìlà tín-ín-rín kan láti orí síkúrúù dé ara ríìlì. Tí ìlà yẹn bá gún, síkúrúù kò kúrò níbi tí a fi í sí. Tó bá ti já sí méjì, tí apá kan ń wo ìlà oòrùn tí apá kejì ń wo ìwọ̀ oòrùn, ẹ yáa gbé e padà wá kí ẹ tó padà di ẹni tó ń wá ọwọ́ ríìlì nínú iyanrìn. Ọmọdé lè wò ó, àgbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú náà lè wò ó.

Láti ibẹ̀ ni àṣà ẹgbẹ́ yìí ti wá. Láràárọ̀ Sátidé, kí ẹnikẹ́ni tó ju ìwọ̀ sómi, Alága á dúró, á ké pé, "Ìlà dà?" Gbogbo ẹgbẹ́ á gbé ríìlì sókè, wọ́n á wò ó, wọ́n á dáhùn pé, "Ó gún." Àwọn tó ń kọjá lẹ́bàá òkun máa ń rò pé ìjọ tuntun kan ló dé.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wo ọwọ́ mi yìí. Kì í ṣe pé ẹ̀rù ń bà mí, bó ṣe máa ń gbọ̀n nìyẹn láti ìgbà òjò tó kọjá. Dókítà ní kì í ṣe àìsàn tó ń pani, ọjọ́ orí ni. Mo dúpẹ́. Àmọ́ ọwọ́ tó ń gbọ̀n kò lè ki síkúrúdíráfà bọ orí síkúrúù tí kò tó orí abẹ́rẹ́. Mo sọ ọ́ níbi ìpàdé, ẹ̀yin náà kò sì fi ọ̀rọ̀ yín pamọ́. Ẹ ní Salimat mọ̀ ọ́n ṣe tí mo bá wà nítòsí, ta ló mọ bó ṣe máa rí tí n kò bá sí? Ẹ ní kí òun nìkan ṣe gbogbo ríìlì tí ẹ máa gbé lọ sí Àgbádárìgì, kí n má dá sí i, kí a wò ó. Mo ní ó dáa. Salimat náà ní ó dáa. Ó dá ṣe gbogbo rẹ̀, mo jókòó sí iwájú ṣọ́ọ̀bù, mo ń jẹ ẹ̀pà.

Ibi tí mo dé yìí, Akọ̀wé wa, Bàbá Diamond, ti ń yíra padà lórí àga. Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀yin lẹ ní kí n sọ ọ́. Ẹ̀yin ará, òun fúnra rẹ̀ ló wá bá mi lánàá tó ní, "Bàbá, tẹ́ ẹ bá fo ìtàn tèmi, a máa jà." Ẹ ò rí i pé èèyàn gidi ni.

Ní Àgbádárìgì ọjọ́ náà, gbogbo nǹkan lọ bó ṣe yẹ. Ẹja ń wá, ẹ̀rín ń pọ̀. Lójijì, ẹja kúta ńlá kan gbé ìwọ̀ Akọ̀wé mì. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní ẹ̀yìn rẹ̀ tó hàn lójú omi, bí ẹ̀yìn ọkọ̀ ni. Akọ̀wé fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó ń yí ríìlì, ó ń kígbe pé kí wọ́n wá ya òun ní fọ́tò. Fọ́tò tí wọ́n sì yà wà lórí fóònù gbogbo yín: Akọ̀wé wa dúró, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ọwọ́ ríìlì wà ní ọwọ́ rẹ̀, ríìlì fúnra rẹ̀ wà lára ọ̀pá, àwọn méjèèjì ti kọra wọn sílẹ̀. Kúta já okùn, ó lọ. Síkúrúù sì ti wọ inú iyanrìn.

Nínú mọ́tò tó ń gbé yín bọ̀, mo gbọ́ pé ọ̀rọ̀ Salimat ni ẹ jẹ lóúnjẹ dé Ìsọlọ̀. Mi ò bá yín wí. Kí ni èmi náà ì bá rò? Lọ́jọ́ kejì ó wá bá mi, ó ti ṣa irin iṣẹ́ mi jọ, ó ti nù wọ́n, ó kó wọn sílẹ̀ níwájú mi. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún mi mọ́. Mi ò fẹ́ kí orúkọ yín bàjẹ́ sí mi lọ́wọ́." Salimat tó ti di ìyá ọmọ, tí mo ti ń bá ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí kò tíì lọ́kọ, ń bá mi sọ̀rọ̀ tí kò lè wò mí lójú. Ó dùn mí. Oúnjẹ tí Àrìnkẹ́ gbé fún mi lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo kàn ń tì í kiri inú abọ́ ni. Mo rò ó títí pé ọwọ́ tèmi ti lọ, ọwọ́ tirẹ̀ náà sì fẹ́ kúrò níbẹ̀, kí ló wá kù?

Bí a ṣe jókòó ti irin iṣẹ́ náà ni Ìyá Diamond, ìyàwó Akọ̀wé, wọlé dé. Ó wá ṣe èékánná ni lọ́dọ̀ Àrìnkẹ́. Ó yọjú sí wa, ó ní, "Salimat, jọ̀ọ́, níbo lo ti ń ra ríímúfà yẹn, èyí tó ń pa kútẹ́ẹ̀sì rẹ́ yẹn? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ńlá ni o, Bàbá Diamond ti fi gbogbo ẹ̀ fọ ríìlì ẹ̀ kó tó lọ sí Àgbádárìgì. Ó ní ìlà pupa yẹn ò bá àwọ̀ góòlù ara ẹ̀ mu, ó máa ba fọ́tò òun jẹ́."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ ná. Salimat wo Ìyá Diamond, ó wò mí, ó rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ṣọ́ọ̀bù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀, mi ò sì mọ ibi tí ẹ̀rín parí sí tí ẹkún ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá Diamond ń bi wá pé kí ló ṣẹlẹ̀, ta ló kú.

Akọ̀wé wa kò mọ̀ pé bí ríímúfà ṣe ń pa ìlà òkè rẹ́, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣàn wọ ìsàlẹ̀, tó ń yọ́ èyí tó di síkúrúù mú. Ó fọ ríìlì rẹ̀ bí ẹni ń fọ ọmọ tuntun. Èyí tó dùn mọ́ mi jù níbẹ̀ ni pé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, nígbà tí Alága ké pé "Ìlà dà?", Akọ̀wé náà gbé ríìlì tí kò ní ìlà kankan sókè, òun ló sì dáhùn sókè jù pé "Ó gún." Ó ti mọ́ ọn lẹ́nu, kò jẹ́ kí ojú wò ó. Ta ni nínú wa tí irú ẹ̀ ò ṣe rí? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rẹ́rìn-ín jù yìí, ṣé ẹ̀yin máa ń wò ó lóòótọ́, àbí ẹ kàn ń dáhùn ni?

Gbogbo ríìlì yòókù tó lọ sí Àgbádárìgì ńkọ́? Wọ́n bọ̀ láyọ̀. Mo yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, mi ò rí ìlà kan tó wọ́. Ọwọ́ Salimat ló ṣe é, èmi ń jẹ ẹ̀pà. Ẹjọ́ mi ni mo rò yìí, mi ò ní àwíjàre míì.

Ẹ jẹ́ kí n dúpẹ́ kí n tó jókòó. Alhaji, ẹ gbẹ́kẹ̀ lé mi nígbà tí mo fi gúlúù pa ríìlì yín. Ẹni tó bá lè rẹ́rìn-ín sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ọ̀rẹ́ ni. Ẹ̀yin ará Ṣógúnlé, ẹ dárí jì mí fún gbogbo ìgbà tí ẹ kí mi tí mi ò dáhùn. Síkúrúù ló wà láàárín ètè mi. Àrìnkẹ́, gbogbo ìgò kútẹ́ẹ̀sì tó ń dín nínú àpótí iṣẹ́ rẹ tí o rò pé àwọn oníbàárà ló ń kó o, èmi ni. O ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, mo rí ojú rẹ. O ṣeun tó o jẹ́ kí n máa jí i nìṣó.

Ẹgbẹ́ ti fún mi ní ẹ̀bùn, ọ̀pá ìpẹja tuntun àti ríìlì rẹ̀. Ó ya yín lẹ́nu pé mo ń wò ó bí ẹni rí àjèjì? Ẹ gbọ́, mi ò pẹja rí láyé mi. Ẹ̀rù omi máa ń bà mí. Mo ti gbọ́ ìtàn ẹja tó já bọ́ ju ẹja tí mo jẹ lọ. Ṣùgbọ́n Sátidé tó ń bọ̀ yìí, bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí sí, mo ń bá yín lọ sí Àgbádárìgì. Mo ti sọ fún Àrìnkẹ́, ó ní òun náà ń bọ̀, òun fẹ́ wá wo ẹni tó máa kọ́kọ́ sá nínú èmi àti ẹja.

Salimat, dìde. Gba ríìlì yìí. Kútẹ́ẹ̀sì rẹ wà nínú báàgì rẹ, mo mọ̀ pé kì í jìnnà sí ọ. Mo ti rí i pé o ti di gbogbo síkúrúù ara rẹ̀ láàárọ̀, ìlà nìkan ló kù. Fà á níbí, lójú gbogbo èèyàn. Ẹ jẹ́ ká dákẹ́ fún un díẹ̀.

Ẹ wo ọwọ́ ẹ̀. Ẹ wò ó bó ṣe dúró.

Ó ti tán. Ríìlì yìí ni mo fẹ́ fi kojú òkun tó ń bà mí lẹ́rù láti kékeré, ọwọ́ Salimat ni mo sì fi ọkàn mi sí. Alága, mo ti sọ tèmi. Ẹ bá mi ké e, kí wọ́n sì wò ó dáadáa kí wọ́n tó dáhùn, pàápàá Akọ̀wé.

Mo gbọ́ yín. Ó gún. Ó wá ku kí ẹni tó bá fẹ́ kí Salimat máa bá wa fà á lọ nawọ́ sókè.

Alhaji, mo rí tiyín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní Island lẹ ń lọ, mo rí tiyín náà, ẹ má fi pamọ́ sẹ́yìn fìlà. Bàbá Diamond, ọwọ́ kan ni wọ́n ní kẹ́ ẹ nà, kí lẹ ń na méjèèjì sí? Ó dáa, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Salimat, gbé ojú sókè, má wolẹ̀ mọ́. Wo gbogbo ọwọ́ yìí.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọwọ́ rẹ dúró gbọin-gbọin ju tèmi lọ, kó sì pẹ́ níbi iṣẹ́. Kí ilé ẹ̀yin tó wá síbí má mì. Kí àwọn tẹ́ ẹ fẹ́ràn má bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Kí ẹja tó bá gbé ìwọ̀ yín mì bá yín dé etí òkun, kí ẹnu yín má kàn máa dáhùn, kí ojú yín máa rí ohun tí ẹnu ń sọ. Àti kúta Akọ̀wé, níbikíbi tó bá wà lónìí, kí Ọlọ́run pa á mọ́ dè wá di Sátidé.

Èmi náà ń nawọ́ tèmi, Alága, ẹ bá mi kà á mọ́ ọn. Ó ń gbọ̀n, àmọ́ òkè ló wà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín pátá. Ẹ ṣé o.